Ògiri Mẹ́ta tí Ṣùkúrù Kọ

Aago méje kò tíì lù tí Ṣùkúrù fi dé abẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Kétu. Aago mẹ́jọ ni wọ́n dá fún un. Fìlà lórí, ṣòkòtò kàkí nídìí, bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tí ara rẹ̀ kò gba ìjókòó. Ó rìn dé ìdí òpó, ó padà. Ó tún rìn dé ìdí òpó. Ìyá oníbúrẹ́dì tó pàtẹ síbẹ̀ wò ó títí, ó sú u.

"Bàbá, ìyàwó lẹ ń retí ni?"

"Ó ju ìyàwó lọ."

Kò parọ́. Ìyàwó, ó ti ní. Ohun tí kò tíì ní látọjọ́ tó ti dáyé ni kí àlejò gbéra láti ibi kan wá sí Kétu nítorí ohun tí òun Ṣùkúrù fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Òní ni. Sátidé. Oṣù Okúdù, ọdún 2008.

Ọmọ rẹ̀ ló fà á. Ajarat, àbígbẹ̀yìn, ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ìkòsì, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ káàdì ìgbéyàwó àti bánà gbàǹgbà-gbàǹgbà. Níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, lọ́yà kan wọlé tọ̀ ọ́ wá. Clara Ògúntúndé, ará Mende. Ó fẹ́ tẹ máàpù. Kì í ṣe èyí tí awakọ̀ fi ń wá ọ̀nà o. Máàpù ìrìn ẹsẹ̀ ni. Lọ́yà yìí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa kó èèyàn jọ láràárọ̀ Sátidé, wọn a máa fẹsẹ̀ rìn káàkiri Èkó, wọn a máa wo ibi tí àwọn ará ìlú ti kọ̀ fún ìjọba. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀ láyé òyìnbó. Ibi tí àwọn obìnrin ọjà ti ní àwọn ò san owó orí. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dojú kọ ọlọ́pàá. Ìsàlẹ̀ Èkó wà nínú máàpù náà. Yábàá wà níbẹ̀. Ó gùn títí dé Ọ̀jọ́ta, ó wá dúró.

"Aunty, ẹ ò fi Kétu sí i," ni Ajarat wí.

"Kí ló wà ní Kétu?"

"Daddy mi ní àwọn kọ nǹkan sára ògiri nígbà wàhálà June 12. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwa kàn máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni."

Lọ́yà kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Ó ní ọjọ́ Ajé lòun fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ máàpù náà, ó ku Sátidé kan péré. Bí bàbá bá ní ohun tí ojú ń rí, tí ọwọ́ ń bà, Kétu á wọlé. Bí kò bá ní, ó parí sí Ọ̀jọ́ta nìyẹn.

Ajarat gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ẹ̀rù ń bà á. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí o. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́."

Ṣùkúrù kò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kó sùn. Ayọ̀ àti ohun mìíràn kan tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Átíìsì ni. Bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, tó ń kọ ara mọ́tò, tó ń ya orí obìnrin mẹ́fà pẹ̀lú irun dídì mẹ́fà sẹ́nu ọ̀nà onídìrí. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ṣẹ́ ní Ṣómólú. Ó dá dúró ní Kétu lọ́dún 1974. Sukky Arts. Láti Ọ̀jọ́ta títí dé Mile 12, ta ni kò mọ ọwọ́ rẹ̀? Lẹ́tà R rẹ̀ a máa na ẹsẹ̀ kan síta bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Aṣọ ni, oògùn ni, ṣọ́ọ̀ṣì ni, mọ́ṣáláṣí ni, kò sí ohun tí kò kọ rí. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí kànga ọ̀gbẹlẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ gan-an ló wá ń tẹ bánà. Wọ́n ti jà sí i. Wọ́n ti parí ẹ̀. Àmọ́ búrọ́ọ̀ṣì ń bẹ lórí àjà, ó gbẹ gan-an.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Bọ́ọ̀sì BRT tuntun kan dúró, lọ́yà bọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, ó ga, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e tòun ti kámẹ́rà tó wúwo lọ́rùn: Kelvin, oníròyìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ya àwòrán fún máàpù náà.

"Ẹ káàárọ̀, Daddy. Ẹ jọ̀ọ́, a pẹ́ díẹ̀."

"Ẹ ò pẹ́ rárá. Èmi ni mo yára. Lọ́yà, ẹ jẹ́ ká máa lọ! Ògiri méjì ni. Ẹsẹ̀ yín dá ṣáṣá àbí?"

"Dáadáa ni, Daddy."

"Ó yá."

Ó ń sáré ju àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń na ibí, ó ń na ọ̀hún.

"Ẹ wo títì yìí. Ẹ wo bó ṣe kún. Ọjọ́ tí mò ń wí, inú oṣù Keje ọdún 1993, ewúrẹ́ sùn sí àárín rẹ̀. Ewúrẹ́! Mo fojú mi rí i. Ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Gbogbo Èkó jókòó sílé, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, àfi kí wọ́n dá ìbò àwọn padà."

"Ẹ̀yin náà dìbò?" Clara ti mú ìwé jáde, ó ń kọ bó ṣe ń rìn.

"Ṣé mo dìbò! Láti àárọ̀ kùtù ni mo ti wà lórí ìlà. Mo tẹ̀ka. Oòrùn pa mí. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí redíò, wọ́n ní àwọn ti wọ́gi lé e. Bí ẹni wọ́gi lé ọ̀rọ̀ nínú ìwé ọmọléèwé. Lọ́yà, èmi kì í ṣe olóṣèlú. N kò sọ òkúta rí láyé mi. Àmọ́ mo ní gálọ́ọ̀nù ọ̀dà pupa kan nílé."

"Òru lẹ jáde?"

Ṣùkúrù dúró. Ó ti ń dúró de ìbéèrè yìí láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ọ̀sán gangan."

"Irọ́ o!" ni Kelvin ké.

"Ọ̀sán gangan ni mo sọ fún ẹ. Mo gbé àkàbà mi, mo gbé okùn, mo gbé ṣọ́ọ̀kì. Mo fa ìlà bó ṣe yẹ. Mo wọn lẹ́tà. Ọkọ̀ sójà kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ìbọn ń yọ lára rẹ̀ bí ẹ̀gún. Wọn ò dúró."

"Kí ló dé?"

"Ta ló ń wo átíìsì? Ẹni tó gun àkàbà, tó ń fara balẹ̀ wọn lẹ́tà, iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó bá ń dá ọ̀ràn, eré ló ń sá. Èmi, mo tiẹ̀ juwọ́ sí wọn!"

Clara bú sẹ́rìn-ín láàárín títì. Kelvin ya bàbá náà bó ṣe ń juwọ́ sí sójà tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń kọjá náà juwọ́ padà.

Ògiri kìíní wà ní kọ̀rọ̀ kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Ìkòsì. Ṣùkúrù ṣáájú, ó yà, ó dúró wìì.

Gíláàsì. Gíláàsì láti òkè délẹ̀, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tó wọ yunifọ́ọ̀mù lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìfowópamọ́.

"Níbí kọ́," ni Clara wí pẹ̀lẹ́.

"Níbí ni. Mọ́kálíìkì ló wà níbí. Fẹ́ńsì rẹ̀ gùn. Mo kọ ọ́ gàdàgbà." Ó na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́, ó ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. "Ẹ. DÁ. ÌBÒ. WA. PADÀ."

Ẹ̀ṣọ́ náà sún mọ́ wọn. "Bàbá, kí lẹ ń kọ sójú wa?"

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Ó ti tán."

Kò jẹ́ kó dùn ún pẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ! Ìkejì ṣì ń bẹ. Ìkejì, ó rí i lóṣù tó kọjá, ògiri náà dúró lójú kan náà. Wọ́n já sí àdúgbò inú, wọ́n fo kòtò méjì, wọ́n kí àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi. Òun rèé! Fẹ́ńsì gígùn, ọ̀dà ewé lára rẹ̀, ìwé ìpolówó ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì àti ti dókítà jẹ̀díjẹ̀dí lórí ọ̀dà.

Ṣùkúrù yọ ọ̀bẹ kékeré lápò. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ha ọ̀dà. Ó kúnlẹ̀ bí ẹni fẹ́ kírun.

"Ẹ wò ó. Ọ̀dà ewé yìí, kò ju ọdún mẹ́ta lọ." Ó ń ha á. "Èyí tó tẹ̀ lé e, funfun. Ẹ rí i? Olówó pọ́ọ́kú ni. Àwọ̀ ìyeyè nìyí, tí wọ́n fi kun gbogbo àdúgbò yìí nígbà tí olóṣèlú kan fẹ́ wọlé." Ó ń ha á. Clara ti kúnlẹ̀ tì í. Kelvin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kámẹ́rà ń ké ká-ká-ká. "Ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀. Pupa ló kàn. Pupa ló…"

Eérú. Eérú gbígbẹ, tó ń já sílẹ̀ lẹ́bú-lẹ́bú.

"Daddy," ni Kelvin wí, "sìmẹ́ńtì ni o."

Wọ́n ti ha ògiri náà kan búlọ́ọ̀kù nígbà kan rí, wọ́n ti rẹ́ ẹ lákọ̀tun. Ṣùkúrù ha ibòmíràn. Sìmẹ́ńtì. Ó ha ibi kẹta.

Clara dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún. Ojú rẹ̀ kò le. Ìyẹn ló burú. Ó ń ṣàánú.

"Daddy, mo gbà yín gbọ́. Lótìítọ́. Àmọ́ n kò lè kó ogójì èèyàn wá síbí kí n ní kí wọ́n máa wo gíláàsì. Tí àwọn tó ń bá wa rìn bá béèrè, kí ni mo fẹ́ nawọ́ sí?"

"Ó kù kan."

Ẹnu Ṣùkúrù ló sọ ọ́ kó tó mọ̀.

"Ẹ ní méjì ni."

"Mẹ́ta ni." Ṣùkúrù jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan. Ó ṣí fìlà. "Ìkẹta wà lẹ́yìn ọjà Mile 12. N kò gba ibẹ̀ kọjá láti ọdún 1993. Tí mo bá fẹ́ ra ata, iwájú ọjà ni mò ń gbà. Ìyàwó mi rò pé ìdọ̀tí ni mò ń sá fún."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. Ó wo Kelvin. Ó wo ilẹ̀.

"Mo fọwọ́ sí i."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Lọ́yà, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Bí átíìsì bá parí iṣẹ́, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò lọ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kọ orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ògiri kìíní, mo rántí. Ìkejì, mo rántí. Ìkẹta, ó ti rẹ̀ mí, lẹ́tà náà sì dára. Ó dára jù! Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń wò ó, inú mi ń dùn…" Ó mí kanlẹ̀. "Ọwọ́ mi dá lọ."

Kelvin ti ń di ẹnu mú. "Daddy. Ẹ kọ orúkọ yín. Sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí sójà lè torí rẹ̀ yìnbọn fún èèyàn."

"Orúkọ, àdírẹ́sì. 'Sukky Arts, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ata, Kétu.'" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "'Ayọ̀ yín ni ayọ̀ wa.'"

Clara kò lè dúró mọ́. Ó di ògiri mú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Kelvin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Ṣùkúrù alára bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti há sí i láyà láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Ìgbà tí mò ń fọ búrọ́ọ̀ṣì nílé ni mo tó rántí! Kẹrosíìnì ń kán lọ́wọ́ mi. N kò lè padà, ilẹ̀ ti ṣú, sójà ti kún ìta. Ìdájí ọjọ́ kejì, mo gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Oṣù mẹ́jọ! Ọkọ̀ ojú omi ni mò ń kọ níbẹ̀, n kò fọwọ́ sí ìkankan. Mo padà wálé, mo ń retí wọn. Ẹnìkan ò wá. Títí dòní, mo máa ń bi ara mi léèrè: kí ló dé tí wọn ò wá?"

Clara nu ojú. Ó wo aago, ó wo ọ̀nà Mile 12.

"Ẹ dìde, Daddy. A ò ní sinmi."

Wọ́n ò wọ ọkọ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n fi lọ, ẹ̀gbẹ́ títì gbọọrọ, ooru ń yọ, èéfín ń rú. Ṣùkúrù ṣáájú wọn. Ó ń bẹ̀rù pé òun á bá a. Ó ń bẹ̀rù pé òun ò ní bá a.

Ẹ̀yìn ọjà. Àwọn tírélà tó ti òkè Ọya wá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Tòmátì nínú apẹ̀rẹ̀ ọparun. Ata tó ń ta èèyàn nímú láìtíì rí i. Àwọn alábàárù ń ké, "Àgò! Àgò o! Hánkàlì!", ẹrù lórí, òógùn lójú. Wọ́n yà sí ìlà àwọn alálùbọ́sà. Ṣùkúrù dúró.

Ògiri ìsọ̀ kan. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ bó ṣe tẹ̀ díẹ̀ lápá òsì, ó ti fìyà jẹ ẹ́ nígbà tó ń fa okùn. Òkè rẹ̀ dúdú. Wọ́n ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i nígbà kan rí, wọ́n wá fi ẹfun kùn ún, ọ́ìlì tún mu ẹfun náà. Lẹ́tà kan kò hàn níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, àpò àlùbọ́sà ni, ó tò lé ara wọn dé igbáàyà èèyàn.

"Wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́," ni Ṣùkúrù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Orúkọ yín ńkọ́?"

"Ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ̀yìn àwọn àpò yẹn."

Obìnrin àgbàlagbà kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà, ìbòrí funfun lórí, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Alhaja Màríyámọ̀ ni àwọn alábàárù ń pè é. Ẹni àádọ́rin ọdún yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ ti wo àlùbọ́sà mi tó. Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ sílé?"

"Ẹ káàárọ̀ o, Alhaja." Ṣùkúrù ṣí fìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ ká sún díẹ̀ nínú àwọn àpò yìí ni. Igun ibẹ̀ yẹn nìkan."

"Kí ẹ sún kí ni? Lọ́jọ́ Sátidé? Tírélà mi ń bọ̀ láti Sókótó, ó ti dé ìdí afárá, ìwọ ń sọ pé kí n sún àpò. Kí ló sọnù sí ọ níbẹ̀?"

"Orúkọ mi ni, Alhaja."

Tẹ̀súbáà dúró. Alhaja wò ó. Ó wo fìlà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo kánfáàsì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tún padà sí ojú rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń ka nǹkan láti ibi jíjìn.

"Sukky Arts. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ata, Kétu. Ayọ̀ yín ni ayọ̀ wa."

Clara di apá Kelvin mú. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ fún obìnrin yìí.

"Ìwọ ni!" Alhaja dìde. Ohùn rẹ̀ ru bí omi gbígbóná. "Ìwọ ni òpònú yẹn! Ẹ wá o, ẹ wá wo ẹni tó kọ ìwé sí sójà tó sì fi àdírẹ́sì ilé ẹ̀ sí i! Ta ló bí ọ? Ṣé o rò pé wọ́n fẹ́ fún ẹ níṣẹ́ ni?"

Àwọn alábàárù dúró, àwọn alálùbọ́sà yọjú. Ṣùkúrù kò mọ̀ bóyá kí òun sá tàbí kí òun dọ̀bálẹ̀.

"Alhaja, ẹ… ẹ rí i?"

"Ṣebí èmi ni mo bò ó! Àlùbọ́sà ò mọ ìyanṣẹ́lódì, jíjẹrà ló mọ̀. Ẹrù mi ti dé kó tó bẹ̀rẹ̀, mo ní láti wá máa tú u sí afẹ́fẹ́. Mo dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ìwé pupa. 'Ẹ dá ìbò wa padà.' Ọdún méjì ni mo fi lọ ilé-ìwé àgbà, mo lè kà. Inú mi dùn! Mo ní ẹni tó kọ èyí, Ọlọ́run á bù kún un. Ojú mi wá lọ sílẹ̀." Ó lu itan. "Mo ní yéè! Wèrè wo nìyí?"

"Mama, kí ló dé tí ẹ ò fi ọ̀dà pa á rẹ́?" ni Kelvin béèrè.

"Ọ̀dà ni mò ń tà? Àlùbọ́sà ni mo ní. Àlùbọ́sà ni mo fi bò ó. Èmi àti alábàárù kan ṣoṣo, ọgbọ̀n àpò, ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ké ìrun àílà, sójà dé. Wọ́n da ọ́ìlì sí òkè. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n kó àpò kúrò, àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn wà lábẹ́. Mo ní kò burú, ọmọ mi, ẹ bá mi gbé e. Ó gbé àpò kan tó ti jẹrà. Omi rẹ̀ dà sí i láti àyà dé bàtà." Alhaja fi ọwọ́ bo imú. "Ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, 'Mama, leave am.' Wọ́n lọ. Mo rán ènìyàn sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ata. Wọ́n ní o ti sá. Mo ní ó dáa, ó gbọ́n díẹ̀."

Ṣùkúrù di fìlà rẹ̀ mú. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ìdáhùn rèé, ó wé ìbòrí funfun, ó ń bú u lójú ọjà.

"Láti ìgbà yẹn ni àpò ti wà níbẹ̀?" Clara ń kọ, ó ń kọ.

"Bí mo bá kó o, wọ́n á rí i. Àwọn sójà yẹn pẹ́ kí wọ́n tó gbé ìjọba sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, ó ti mọ́ mi lára láti máa to ẹrù síbẹ̀. Ẹ ò sún un mọ́ ni? Ẹ yára o, tírélà ń bọ̀!"

Wọ́n bọ́ sí i. Clara ká apá aṣọ sókè. Kelvin gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ṣùkúrù di etí àpò kìíní mú, ó fà á bí ẹni tó ń fa ọkọ̀ gúnlẹ̀. Méjì. Márùn-ún. Mẹ́sàn-án. Èèpo àlùbọ́sà ń fò bí labalábá, gbogbo wọn ń sunkún, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ ti àlùbọ́sà nínú omijé náà. Àpò tó kẹ́yìn yí kúrò.

Pupa!

Pupa bí ìgbà tó kúrò nínú gálọ́ọ̀nù. Oòrùn kò kàn án, òjò kò kàn án, ọwọ́ kò kàn án. *Sukky Arts.* R náà na ẹsẹ̀ rẹ̀ síta, ó ṣetán láti gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùkúrù kúnlẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé e, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ojú ọmọ tó sọnù.

"Mo sọ fún yín! Mo sọ fún yín àbí n kò sọ?"

Kelvin ń ya àwòrán, ó wá dáwọ́ dúró. Ó fajúro díẹ̀.

"Clara, wò ó. Òkè ti lọ. Ohun tó kù nílẹ̀, ìpolówó ni. Ẹni tó bá rí i á ní átíìsì kan ń wá iṣẹ́. Ìbò kò sí níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Òótọ́ náà bọ́ sórí Ṣùkúrù bí omi tútù. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí ayé rí ti kú sábẹ́ ọ́ìlì. Èyí tó fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mì ló yè. Ó yíjú sí lọ́yà. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀.

Clara sún mọ́ ògiri. Ó wo ọ́ìlì lókè. Ó wo orúkọ nísàlẹ̀. Ó yíjú sí Alhaja.

"Mama, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ló wà lókè?"

"Ẹ dá ìbò wa padà. Lẹ́tà gbàǹgbà. Láti ibí dé ọ̀hún. Bí ẹ bá mú mi lọ sílé ẹjọ́, màá búra."

Clara bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín náà ń fẹ̀ sí i.

"Kelvin, iṣẹ́ mi nìyí. Ọ́ìlì tí wọ́n dà síbẹ̀, ta ló ń da ọ́ìlì sí ìpolówó? Ìyẹn ni ẹ̀rí kìíní. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ nìyí. Ẹ̀rí kejì. Ẹlẹ́rìí dúró níwájú wa, ó rántí gbogbo rẹ̀ láìwo ìwé. Gbogbo ibi tí mo ti kó èèyàn lọ ní Èkó yìí, n kò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti pé tó báyìí rí!" Ó ti ń tẹ fóònù. "Ajarat? Clara ni. Fi Kétu sí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Fa ìlà náà láti Ọ̀jọ́ta títí dé ẹ̀yìn ọjà Mile 12."

Igbe tí Ajarat ké nínú fóònù, àwọn alábàárù gbọ́ ọ. "Daddy mi! Ye! Daddy mi!"

Ṣùkúrù fò sókè. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó fò sókè láàárín àlùbọ́sà.

"Mama, orúkọ yín ni màá fi pe ibẹ̀," ni Clara wí. "Ògiri Alhaja Màríyámọ̀."

"Orúkọ ta ni? Má kọ orúkọ mi síbì kankan o. Ṣé ẹ ò rí ohun tí orúkọ kíkọ fẹ́ fojú ẹni rí? Ẹ pè é ní ògiri alálùbọ́sà. Àwa pọ̀ níbí."

Ṣùkúrù kò gbọ́ ọ yé. Ẹni tó gbé ọgbọ̀n àpò, tó dojú kọ sójà, tó gba ẹ̀mí èèyàn là, tí kò fẹ́ fi nǹkan kan sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún? Ó wo ọwọ́ obìnrin náà, tó le, tó pọ́n bí èèpo ẹrù rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kọ sára ògiri láyé rẹ̀, kò rí ẹyọ kan tó tó. Ó gbé fìlà rẹ̀ lé orí àpò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, láàárín èèpo, láàárín ìta, níwájú gbogbo ọjà.

Tírélà Sókótó fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo gbọ́, mo gbọ́, Ọlọ́run á gbà á," ni Alhaja wí, ó sì ti ń to àpò padà. "Dìde jàre, ò ń dí àwọn alábàárù lọ́nà."